Yíǹkì Tí Wọn Kò Ṣe Mọ́ Nínú Kálàmù Tí A Kò Fẹ́ Kó Bàjẹ́: Àyẹ̀wò Ìgò Mẹ́rin Láti Erékùṣù Èkó

Ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ọjà rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tóóró kan láàárín Broad Street àti ọjà Balógun, ní Erékùṣù Èkó. Iwájú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù lágbègbè náà: àpòòwé, fáìlì, ìwé ìṣirò owó, òǹtẹ̀ onírọ́bà, àti bírò tí wọ́n kó sínú páálí. Àmọ́ lẹ́yìn káńtà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan, ni Bàbá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà to àwọn ìgò yíǹkì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti pa tì láti ọjọ́ pípẹ́ sí. Àwọn ẹbí lọ́yà àti ti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ló sábà máa ń kó wọn wá nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ ọ́fíìsì tàbí yàrá ìkàwé mọ́, nítorí náà ohun tí èèyàn rí níbẹ̀ lónìí, kò dájú pé yóò bá a níbẹ̀ lọ́la. Mo ra ìgò mẹ́rin, mo sì ti lo gbogbo wọn pẹ́ tó láti sọ èyí tó yẹ kó wọ inú kálàmù gidi, irú èyí tí à ń fa yíǹkì sínú rẹ̀, àti èyí tí kò yẹ.

N ó kọ́kọ́ sọ ìdájọ́ mi, kí ẹni tí kò ní àkókò lè mú un lọ. Yíǹkì tí wọn kò ṣe mọ́ yẹ ní rírà, ó sì yẹ ní lílò, ṣùgbọ́n iye tí a ra kálàmù kọ́ ló yẹ kó pinnu bóyá a óò fa yíǹkì bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀. Ohun tó yẹ kó pinnu ni bóyá kálàmù náà ṣe é tú, ó ṣe é fọ̀, ó sì ṣe é tò padà nínú ilé wa láìsí pé a gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn olùfẹ́ kálàmù tí mo mọ̀ ló ń ṣe òdì-kejì èyí: wọ́n ń fi yíǹkì àtijọ́ tí wọ́n rà ní ọ̀wọ́n sínú kálàmù àtijọ́ tí wọ́n rà ní ọ̀wọ́n, nítorí wọ́n rò pé àgbà ló yẹ kó bá àgbà jókòó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àgbà méjèèjì yẹn gan-an ni kò lè fara da ara wọn.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe ń yan yíǹkì níbẹ̀, nítorí Bàbá kì í gba ọjà padà. "Wò ó dáadáa, ọmọ mi," ni ó wí bí mo ṣe nawọ́ sí ìgò kìn-ín-ní. "Bí o bá ti gbé e kúrò lórí káńtà yìí, tìẹ ni o." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè ṣí i wò?" Ó ní kí n ṣí i, ṣùgbọ́n kí n má da á sórí ìwé ìṣirò owó òun. Ohun tí mo kọ́kọ́ yìn nípa ṣọ́ọ̀bù náà nìyí, nítorí ẹni tó bá ń ta yíǹkì àtijọ́ tí kò jẹ́ kí oníbàárà ṣí i, ìgò ló ń tà, kì í ṣe yíǹkì.

Ibi tí yíǹkì dé nínú ìgò ni mo kọ́kọ́ wò. Ìgò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí rí pàápàá lè ti dín kù sí ìdajì, nítorí omi inú rẹ̀ ń gba abẹ́ ìdérí jáde díẹ̀díẹ̀, aró inú rẹ̀ kò sì lè bá a jáde, nítorí náà èyí tó ṣẹ́ kù á ki ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyẹn kò burú, omi ni a óò fi dá a padà sípò. Lẹ́yìn náà, mo gbé ìgò sí iwájú tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo sì rọra yí i po láti wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá gbéra tó sì yòrò padà kò le; èyí tó bá wà ní kóróńkóró tí kò yòrò ló ń kìlọ̀ fún wa. Èyí tó léwu jù wà lójú yíǹkì náà: bí awọ tàbí fọ́nrán funfun bá léfòó lórí rẹ̀, tàbí tí ìtayín tí a tì bọ̀ ọ́ bá fa ohun tó ń yọ̀ jáde, yíǹkì náà ti bu. Kò sí àtúnṣe fún un. Sísẹ́ rẹ̀ kò ràn án, nítorí irúgbìn èbu náà kéré ju ojú asẹ́ lọ, kálàmù tó bá sì mu nínú rẹ̀ yóò gbé e lọ sínú ìgò mìíràn tí a bá tún ti ẹnu rẹ̀ bọ̀. Mo fi ìgò Quink pupa kan, yíǹkì Parker, sílẹ̀ lórí káńtà nítorí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páálí rẹ̀ mọ́ tónítóní débi pé ẹni tó ń kó páálí jọ ì bá rà á.

Imú náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ yíǹkì ìgbà àwọn bàbá wa ni wọ́n fi phenol sí kí ó má baà bu, phenol sì ni mọ̀lẹ́bí ohun tó ń fún Izal ní òórùn rẹ̀. Bí a bá ṣí ìgò àtijọ́ tí òórùn ilé ìwòsàn sì kọ lù wá nímú, ààbò rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí òórùn ìdíbàjẹ́ bá ti rọ́pò rẹ̀, ẹ dé e padà.

Ìgò tí mo kọ́kọ́ rà ni Skrip Peacock Blue ti Sheaffer. Ilé iṣẹ́ yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Fort Madison ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta Skrip ní 1922, ìgò rẹ̀ àtijọ́ sì wà lára àwọn ohun tó gbọ́n jù lọ tí mo ti rí lórí tábìlì akọ̀wé. Kòtò gíláàsì kékeré kan wà nínú rẹ̀ lápá òkè. Èèyàn á dé ìgò náà pinpin, á dà á dẹ̀gbẹ́ kí yíǹkì lè ṣàn kún kòtò náà, á gbé e nàró padà, á sì ti níìbù, ìyẹn ẹnu irin kálàmù, bọ kòtò yẹn nìkan. Bí yíǹkì bá tilẹ̀ fẹ́ tán, níìbù gígùn ṣì lè mu àmuyó, ọwọ́ ẹni kò sì ní rin. Àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín búlúù àti àwọ̀ ewé, ó mọ́lẹ̀ láìkọ mọ̀nà jù. Ó ń ṣàn dáadáa, kò ní ẹ̀tanú sí bébà, kódà lórí bébà fọ́tòkọ́pì lásán kò tàn káàkiri tó bí mo ṣe rò. Àléébù rẹ̀ ni pé omi lè wẹ̀ ẹ́ kúrò lójú ìwé, oòrùn sì lè mú un ṣí. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi í kọ ìwé àdéhùn ilẹ̀. Ní ti kálàmù, pẹ̀lẹ́ ni. Mo fi í sínú kálàmù Sheaffer kan tó ní àpò rọ́bà, tí wọ́n ń fi ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fa yíǹkì, rọ́bà náà kò wú, kò sì rọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kàn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí kúrò lára kálàmù, bí àwọn búlúù aláwọ̀ ewé ṣe máa ń ṣe. ₦18,000 ni Bàbá ta á, mo sì rò pé ó dára fún iye náà.

Èkejì ni Penman Sapphire. Parker ló tà á ní àwọn ọdún 1990, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fún ní orúkọ bíi Emerald, Ruby, Mocha àti Ebony, lẹ́yìn náà wọ́n dáwọ́ gbogbo wọn dúró. Èyí ni yíǹkì tí àwọn olùfẹ́ kálàmù káàkiri ayé ń ṣàárò jù, kò sì ṣòro láti rí ìdí rẹ̀. Búlúù rẹ̀ jinlẹ̀. Bí ìlà rẹ̀ bá gbẹ lórí bébà tí kì í tètè mu yíǹkì, pupa kan á máa yọ lójú búlúù náà, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí aláró rẹ léraléra tó sì fi òòlù lù títí ojú rẹ̀ fi ń kọ bàbà. Mo gbé ojú ìwé kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo sì rí i pé ibi tí kálàmù ti dúró díẹ̀, bí ìparí lẹ́tà g àti ìdí lẹ́tà y, ni pupa náà ti pọ̀ jù. Lórí bébà fọ́tòkọ́pì, pupa yìí kò yọ rárá. Búlúù lásán ni yóò jẹ́, nítorí bébà bẹ́ẹ̀ ti mu aró náà wọra kó tó rí àyè jókòó sójú. Ẹni tí kò bá ní bébà tó dára kò ní ìdí láti ra Penman.

Ẹwà yẹn náà ló sọ ọ́ di ọ̀tá kálàmù. Aró pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé bí a bá fi kálàmù sílẹ̀ láìkọ nǹkan, omi rẹ̀ á lọ, aró á sì dí ẹnu ọ̀nà. Ó tún máa ń kó àwọ̀ bá ike: ògiri kọnfátà (ìyẹn àpò ike kékeré tó ń fa yíǹkì, tó ṣe é yọ kúrò nínú kálàmù) tí mo fi í sí ti di búlúù, kò sì jọ pé yóò padà di funfun mọ́. Nínú kálàmù Lamy Safari, èyí kò já mọ́ nǹkan, nítorí kọnfátà ni a ó pààrọ̀. Nínú kálàmù tí ara rẹ̀ mọ́ gaara, tí yíǹkì ń jókòó sínú ara kálàmù fúnra rẹ̀, àbàwọ́n ayérayé ni. Èrò mi ni pé kí a fi Penman sínú kálàmù tó ń lo kọnfátà, kí a máa kọ̀wé lójoojúmọ́, kí a sì fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ. ₦60,000 ni mo san, mo sì kùn díẹ̀ kí n tó san án. Ẹni tó bá fẹ́ pupa lójú búlúù láìsí ìnáwó yìí lè wá Majestic Blue ti Diamine ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sún mọ́ ọn gan-an, wọ́n ṣì ń ṣe é, bí ó bá sì bàjẹ́ nínú ìgò, a ó ra òmíràn.

Ìgò kẹta ló gba ọ̀rọ̀ jù, nítorí ìtàn rẹ̀ lè tan èèyàn jẹ. Superchrome ni, ti Parker pẹ̀lú. Ní 1941 ni Parker gbé kálàmù tó ń jẹ́ Parker 51 jáde sọ́jà. Orúkọ náà wá láti 1939, ọdún tí ilé iṣẹ́ náà pé mọ́kànléláàádọ́ta, nítorí 1888 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n bo níìbù rẹ̀ mọ́ abẹ́ ike, ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ nìkan ló yọ síta, kí yíǹkì má baà gbẹ lẹ́nu rẹ̀, nítorí yíǹkì tí wọ́n ṣe fún un máa ń gbẹ lórí bébà ní wàràwàrà. Ohun tó ń mú un gbẹ bẹ́ẹ̀ ni alkali, òdì-kejì ásíìdì. Yíǹkì náà kò dúró de afẹ́fẹ́, ńṣe ló ń wọ inú bébà lọ tààrà. Ní ìparí àwọn ọdún 1940 ni wọ́n sọ ọ́ di Superchrome. Nítorí náà, ẹni tó bá di Parker 51 mú lọ́wọ́ kan, tó sì di Superchrome mú lọ́wọ́ kejì, yóò rò pé ọkọ rí ìyàwó.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdílé omi eérú àti kọ́síìkì sódà ni yíǹkì yìí ti wá, ó sì máa ń jẹ ohun tó bá bá nínú kálàmù. Nínú àwọn Parker 51 tí wọ́n ń tẹ ìdí wọn kí wọ́n tó fa yíǹkì, rọ́bà kékeré kan ló ń ṣe iṣẹ́ fífà náà, Superchrome sì ń ba rọ́bà yẹn jẹ́. Nínú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti 1948, tó ní àpò tó mọ́ gaara nínú páìpù irin, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ inú àpò náà jẹ́ fàdákà níbẹ̀rẹ̀, Superchrome sì ń jẹ fàdákà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe yíǹkì ló ṣe kálàmù, síbẹ̀ yíǹkì ń pa kálàmù. Kò yani lẹ́nu pé wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, tí Quink, èyí tí wọ́n ti ń tà láti 1931, sì wà títí dòní.

Àwọ̀ rẹ̀ wá dára, ìyẹn ló ń dunni. Mo fi kálàmù gíláàsì kọ ọ́, irú èyí tí kò ní àpò, tí wọ́n kàn ń tì bọ ìgò. Ìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbẹ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e tán. Mo fi ìka nu ún, kò sí ohun tó bá ìka wá. Gíláàsì nìkan ni mo gbà pé ó yẹ kó fọwọ́ kàn án. Bàbá ta á fún mi ní ₦15,000, ó sì ń yìn ín fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun ní Parker 51. Ẹ̀dùn-ọkàn mi kan ṣoṣo nípa ṣọ́ọ̀bù náà nìyí: ó mọ iye tí nǹkan tó, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò pe ara òun ní dókítà kálàmù.

Ìkẹrin jẹ́ Blue-Black ti Montblanc láti ìgbà tó ṣì jẹ́ yíǹkì onírin, kí ilé iṣẹ́ tó wà ní Hamburg ní Jámánì náà tó yí irú èyí padà. Irú yíǹkì yìí ti pẹ́ láyé ju kálàmù oníyíǹkì lọ. Iyọ̀ irin àti tánínì ni wọ́n fi ń pò ó, tánínì náà a máa wá láti inú kókó tí kòkòrò ń dá sára igi óákù. Bó bá kan bébà, àwọ̀ rẹ̀ kò tíì dúdú. Afẹ́fẹ́ ló ń pa irin inú rẹ̀ dà, tí ìlà náà fi ń dúdú sí i títí tí omi kò fi lè wẹ̀ ẹ́ kúrò mọ́. Nítorí èyí ni wọ́n fi lo irú rẹ̀ fún ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí ni mo máa gbé fún lọ́yà tàbí fún ẹni tó ń kọ ìwé tó fẹ́ kí ọmọ-ọmọ òun rí kà.

Nínú ìgò, afẹ́fẹ́ kan náà yẹn ni ikú rẹ̀. Bí ìgò bá ti ṣí fún ìgbà pípẹ́, irin á para dà níbẹ̀, á sì rì sísàlẹ̀ ní kóróńkóró dúdú. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má sẹ́ ẹ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń kó ìgò jọ. Tèmi ṣì ní èdìdì lẹ́nu, ìyẹn ló jẹ́ kí n san ₦30,000. Ásíìdì wà nínú rẹ̀. Níìbù wúrà kò bìkítà, ṣùgbọ́n níìbù irin tí wọ́n fi wúrà bò lójú lásán lè jẹ dànù bí yíǹkì bá ń gbẹ síbẹ̀. Bó bá sì ti gbẹ nínú kálàmù, omi nìkan kò ní tú u. Ohun tó ń tú u ni fítámì C: ẹ po díẹ̀ sínú omi, ẹ fà á sínú kálàmù, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, ẹ sì fi omi ṣan án dáadáa. Ẹ ra funfun lọ́wọ́ kẹ́mísìtì, kì í ṣe aláwọ̀ ọsàn tó dùn tí wọ́n ń fún ọmọdé, nítorí ṣúgà àti àwọ̀ inú rẹ̀ á di ìṣòro mìíràn. Ẹ má sì fi ọṣẹ tàbí omi amóníà fọ yíǹkì onírin, nítorí alkali ló ń mú kí irin náà dì. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a fa Superchrome àti yíǹkì yìí sínú kálàmù kan náà láìfọ̀ ọ́ láàárín. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni ẹrẹ̀ á ti dé.

Ọ̀rọ̀ kálàmù wá kù. Kálàmù Pelikan ni mo fi ń gbé yíǹkì onírin, ìdí rẹ̀ sì ni pé níìbù rẹ̀ àti ẹ̀yà dúdú tó gbé e ró jọ ń yí jáde pọ̀. Ọwọ́ lásán ló ń tú u, kò fẹ́ pílíáọ̀sì. Nígbà tó bá jáde tán, inú kálàmù náà ṣí sílẹ̀, a lè fi síríńjì fín omi sí i, a sì lè rí i pẹ̀lú ojú pé ó ti mọ́. Láti 1929 ni Pelikan ti ń ṣe kálàmù onípísítìnì, èyí tó ń fi písítìnì inú rẹ̀ fa yíǹkì, ọgbọ́n yẹn sì ti gbó mọ́ wọn lọ́wọ́. TWSBI ti Taiwan tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n fi sípánà kékeré àti gírísì sínú páálí kálàmù wọn tó ń jẹ́ Diamond 580 kí olówó rẹ̀ lè tú u pátápátá nílé. Safari ti Lamy kò wọ́n, níìbù rẹ̀ sì ń yọ jáde bí a bá fi téèpù lẹ̀ ẹ́ tí a sì fà á. Ní ìdà kejì, Montblanc 149, tí wọ́n ti ń ṣe láti 1952, nílò irinṣẹ́ pàtàkì kí níìbù rẹ̀ tó jáde, oníṣẹ́ ló sì yẹ kó fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ Montblanc tó wà lápò agbádá ní Èkó kò tíì fẹnu kan yíǹkì rí, nítorí náà ìkìlọ̀ mi kò kàn wọ́n.

Parker 51 ló le jù láti fọ̀. Lábẹ́ ike tó bo níìbù rẹ̀ ni ẹ̀yà kan wà tó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú tóóró tó ń gba yíǹkì tó bá pọ̀ jù kí ó má baà kán sórí ìwé. Iṣẹ́ rere ni ẹ̀yà náà ń ṣe, ṣùgbọ́n yíǹkì tó bá ti wọ ibẹ̀ kì í fẹ́ jáde. Èèyàn á fa omi, á tú u jáde, á tún fà á, omi á ṣì máa wá ní búlúù nígbà tí sùúrù ti tán. Bí yíǹkì tó ti bu bá wọ ibẹ̀, àfi kí wọ́n tú orí kálàmù náà, wọ́n sì fi ohun ìlẹ̀mọ́ dè é ni. Nítorí èyí, yíǹkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ni mo máa ń fún Parker 51, ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i sì nìyẹn.

Omi ẹ̀rọ tàbí ti kànga kọ́ ló yẹ kí a fi dá yíǹkì tó ti ki padà, nítorí iyọ̀ àti irin wà nínú ọ̀pọ̀ omi tí à ń fà nínú ilẹ̀ Èkó. Ohun tí mo ń lò ni omi abẹ́rẹ́ tí kẹ́mísìtì ń tà nínú ìgò kékeré; kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀, kò sì ní èbu. Mo kọ́kọ́ fi síríńjì fa yíǹkì díẹ̀ sínú ìgò mìíràn, mo wá ń kán omi náà sínú èyí tí mo fà jáde, kì í ṣe sínú ìgò ńlá, títí ìlà rẹ̀ fi ṣàn bó ṣe yẹ. Ohun tí mo fà jáde kì í padà sínú ìgò tó ti wá. Ẹ jìnnà sí spírítì pẹ̀lú. Oníṣẹ́ kan ní Mainland tí mo gbé kálàmù fún fi í fọ inú rẹ̀, spírítì sì ń tú ohun ìlẹ̀mọ́ tí wọ́n fi lẹ àpò rọ́bà mọ́ kálàmù, ó sì ń ba sẹlulọ́ìdì tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ kálàmù àtijọ́ jẹ́. Kálàmù náà mọ́ nígbà tí mo gbà á, ó sì ń jò.

Àwọn àáfà tó ń fi tàdáwà kọ wàláà máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá a lè fi tiwọn sínú kálàmù oníyíǹkì. Kò ṣe é ṣe, nítorí èédú lílọ̀ inú rẹ̀ kì í yòrò, oje igi inú rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, wọ́n á sì dí ọ̀nà tóóró tí yíǹkì ń gbà. Kálàmù igi ni ti tàdáwà.

Ooru wa ní Èkó tún fi nǹkan kún un. Kálàmù tí a fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá wa dúró lórí Third Mainland Bridge á gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, á sì ti yíǹkì jáde sínú ìdérí. Bó bá jẹ́ Skrip, omi á wẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ Penman, ẹ gbàgbé ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ìgò náà kò fẹ́ ooru. Ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn ni mo ń fi wọ́n sí. Àwọn kan ní kí a má ṣí wọn rárá kí wọ́n lè máa gbówó lórí, ṣùgbọ́n nínú ooru yìí, ohun tó ń gbẹ lójoojúmọ́ ni wọ́n ń tọ́jú.

Bí mo bá tún lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, Skrip ni n ó wá, n ó sì fi Superchrome sílẹ̀ fún ẹni tó ní kálàmù gíláàsì. Bàbá ń gba tiransífà, ó ń fi sùúrù dúró de oníbàárà tó ń yẹ ìgò wò, kì í sì í yọ owó kúrò bí kò ṣe pé a ra ju ẹyọ kan lọ. Àárọ̀ ló dára jù láti lọ kí ọjà Balógun tó kún. Ẹ mú ìtayín, tọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rá méjì dání, nítorí rọ́bà abẹ́ ìdérí àwọn ìgò wọ̀nyí ti gan, èyí tí kò jò lórí káńtà sì lè jò nínú BRT.